Ìrìn Èmi àti Ọ̀gágun Lọ sí Pápá Hakeem

Tọ́sìdeé, 10 Oṣù Kẹrin
Ọ̀gágun kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ràhámọ̀tù ọ̀rẹ́ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí: "Simi, mo fe fese rin lati ile mi de papa ti Hakeem ti n sise. Nitori eje ni. Ma bi mi leere. Se waa tele mi?"
Hakeem ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sí pápá ńlá tí wọ́n ti ń gbá baseball, bọ́ọ̀lù onígi yẹn. Òun ló ń gé koríko wọn. Láti ilé rẹ̀ ní Flossmoor dé ibẹ̀ lé ní ogún máìlì.
Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́! Kí ló tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run? N ò ní bi í. Ohun tó wà láàárín ẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni. Mo ní mò ń bọ̀.

Sátidé, 12
Bọ́ọ̀sì méjì, train kan, kí n tó ti West Ridge tí mò ń gbé dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. A pín ọ̀nà sí mẹ́rin, Sátidé mẹ́rin, torí ọjọ́ yòókù, inú kíṣìnnì ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A tọ ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Train ń kọjá lára wa, ó ń ṣe bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A dúró ní Harvey. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta bí iná. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Mo jowú ẹ̀.

Mọ́ńdè, 14
Orúnkún. Ògiri ni mo dì mú gun àtẹ̀gùn.

Sátidé, 19
Harvey dé Kensington. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ní ká wọ train. Mo kọ̀. Mo ní ohun tí èèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Obìnrin yìí, ṣé wọ́n á fi góòlù sí ẹ lọ́rùn níbẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó ń tiro. Ó ní òkúta ló wọ bàtà òun. Ó gbọn bàtà náà — òkúta kankan ò jábọ́.

Sátidé, 26
Òjò lé wa sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kó má fòyà, ó ku Sátidé kan, Ọlọ́run á gba ẹ̀jẹ́ ẹ̀.
Ó ní, "Ẹ̀jẹ́ wo?"
Mo ní èyí tó kọ sí mi.
Ó wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ìborùn ẹ̀ já bọ́ sẹ́yìn. "Sìmí! Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ! Ẹ̀jẹ̀! Ṣúgà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà ní kí n máa rìn!"
N ò rẹ́rìn-ín. Prámárì síìsì ni mo kà dé, tíṣà wa sì na ọwọ́ mi títí nítorí àmì ohùn. Fóònù ò láàmì, èmi náà ò sì béèrè. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ní ká wọ train. Èmi ni mo ní rárá.
Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó kọ̀, mo bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Egbò kan wà lábẹ́ ìka ńlá, ó jin, etí ẹ̀ dúdú. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé láti ọjọ́ tá a dé Harvey ló ti wà níbẹ̀.
Mo ní ká lọ sí hospital. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá dé pápá. Abdulmumin ọkọ ẹ̀, ṣúgà náà ni. Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀, Hakeem fi school sílẹ̀ ọdún méjì, ó ń wẹ bàbá ẹ̀ títí bàbá fi kú. "Tó bá gbọ́ tèmi, á tún fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ kó rí mi lórí ẹsẹ̀ méjèèjì." Ó ní kí n ṣèlérí pé n ò ní sọ. Mo ṣe é.

Wẹ́sìdeé, 30
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Omi iyọ̀ ló fi ń wẹ egbò náà, ó ní ó ń jiná. Mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò ọbẹ̀ ló fi ránṣẹ́.

Fúráìdè, 2 Oṣù Kárùn-ún
Mo jó ògì àwọn arúgbó mọ́ ìkòkò. Tí n ò bá lọ lọ́la, á dá lọ. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í parọ́ irú ẹ̀.

Sátidé, 3
A dé.
Wákàtí mẹ́rin fún ohun tó yẹ ká fi méjì rìn. Ó gbára lé mi láti òpópónà Fíftì-Fíìfì lọ. Nígbà tí ògiri pápá yọ, ó já ọwọ́ ẹ̀ gbà, ó na ẹ̀yìn tààrà, ó ń dá rìn.
Hakeem jáde ní géètì, koríko lára ṣòkòtò ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, bíi tàwọn ọmọ ibí. "Mummy! Ẹ rìn? All the way? Aunty Sìmí, ẹ̀yin náà?" Ó ń pariwo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, "That's my mom!" Ọ̀gágun jó díẹ̀. N ò rí i kí inú ẹ̀ dùn báyìí láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú.
Lọmọ bá fa imú. Ó ti wẹ bàbá ẹ̀ fọ́dún méjì, ó mọ òórùn yẹn.
"Mummy, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"
"Bàtà ló bó o."
"Since when?"
"Àná."
Ó kọjú sí mi. "Aunty, ṣé àná ni?"
Mo ṣírò ẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, á wọ train lọ sílé, á tún di omi iyọ̀. Tí mo bá sọ, mo mọ ohun tí màá pàdánù. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa kí n tó la ẹnu.
Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣúgà ni, bíi ti bàbá ẹ."
Ràhámọ̀tù ní, "Sìmíátù."
Ọgbọ̀n ọdún, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Hakeem gbé e sínú mọ́tò lọ sí hospital. Ọ̀gágun ò bojú wẹ̀yìn.

Túsìdeé, 6
Hakeem pè. Wọ́n gé ìka ńlá. Wọ́n ní tó bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ẹsẹ̀ ni wọn ì bá gé dé orúnkún. Ọ̀gá ẹ̀ fún un ní ìsinmi ọjọ́ márùn-ún, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.
Mo bi í bóyá ìyá ẹ̀ béèrè mi. Ó ní, "Aunty, ẹ má bínú. Ó ní kí ẹ má wá."
Mo ní mo gbọ́. Mo bi í irú bọ́ọ̀sì tó ń dé hospital náà.