Ìdánwò Oorun Tí Wọ́n Fẹ́ Ṣe fún Àlímì

Àlímì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí típà tí o ń wà, mo kí gbogbo ará Life Camp. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iyanrìn Abuja wọ̀ ọ́ lójú. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ilé ìdáná ń jò, bàbá yín ìbá sì kí ọ fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń hanrun lọ́wọ́ lórí àga.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní o sùn lọ nídìí ọkọ̀ lọ́nà Kuje, o gun orí iṣu Àlájà Hausa kan tó ń pariwo kai, kai, dókítà kọ́ńpìnnì sì ní híhanrun rẹ ló fà á. Ó ní èémí ń dá dúró sí ọ lọ́fun bí o bá ń sùn, òun kò sì ní jẹ́ kí o wakọ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá ṣe ìdánwò oorun fún ọ ní ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ̀rín pa mí. Ìwọ tí o fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́fà, tí tíṣà Adésànyà ní orí bẹ́ńṣì lo ti ń sùn, oorun ni wọ́n wá fẹ́ fi dán ọ wò? Ipò kìíní ni. Má wulẹ̀ kàwé.

Wáyà tí o ní wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọ lórí ni kò yé mi. Wáyà rédíò, ohùn ló ń mú jáde, ẹ̀rù ń bà mí pé àlá rẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, má lá àlá obìnrin ẹlẹ́ja ọjà Kado tí Ràṣídátù ìyàwó rẹ torí rẹ̀ kẹ́rù padà sí Ìwó. Ràṣídátù ni kí o lá.

O tún ní bí o bá yege, ẹ̀rọ oníná kan ni wọn yóò máa fi fẹ́ atẹ́gùn sí ọ nímú. Èyí ni mo kọ̀. Mo sọ lójú bàbá yín pé gbogbo ìran wọn ló ń hanrun, ẹnikẹ́ni kò fi páìpù sí wọn nímú. Bàbá yín ní àwọn kì í hanrun, èmi ni mo ń purọ́ mọ́ àwọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Orí àríyànjiyàn yìí la wà tí mo fi rántí. Bàbá yín á hanrun, á hanrun, wọ́n á wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tó ti lọ. Èmi á ta wọ́n nípàá, wọ́n á ní hàà, wọ́n á sì máa bá a lọ. N kì í jí ṣe é mọ́, ẹsẹ̀ mi ló ń dá a ṣe. Mo rò pé ìbínú ni. Àlímì, àṣé ẹ̀rọ ni mí!

Ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu mi. Ta ló ń ta ìwọ nípàá níbẹ̀ yẹn?

Ọmọ mi, lọ ṣe ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n mo ti lọ bẹ Ràṣídátù kí ó padà sọ́dọ̀ rẹ. Ó bi mí bóyá òun lè ta ọ́ nípàá dáadáa, mo ní bó bá ṣe wù ú. Ojú ẹsẹ̀ ló ń di ẹrù. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á sùn bíi tìrẹ, ẹsẹ̀ ìyàwó kì í lo iná. Fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti ìpara ẹsẹ̀ mi kún un, iṣẹ́ yìí ti dá mi lágara.

Bí o bá sùn, wàá jí. Èémí rẹ kò ní ṣìnà ilé.

Mo fẹ́ dúró níbí ná, bàbá yín ti dákẹ́ lórí àga.

Ó ti tán. Mo ti ta wọ́n nípàá, wọ́n ti ní hàà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùlíkàt