Wọ́n Ní Àwọn Ń Tún Ulé Òwú Ṣe, Títú Ni Wọ́n Ń Tú U

Ilé Ẹlúyẹmí,
Òkè-Odò,
Ìgbólé-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Amójútó Ilé Àtijọ́,
Adó-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÀWỌN TÓ Ń TÚ ÒRÙLÉ ULÉ ÒWÚ DÚRÓ KÍ Ó TÓ PA ÈÈYÀN

Èmi ni Bọ́lánlé Ẹlúyẹmí, opó, aránṣọ. Mo kàwé jáde ní girama, mo sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ àtijọ́ tó wà lẹ́bàá títì Ìfàkì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ulé Òwú, títí wọ́n fi tì í pa. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì náà. Àkọ́bí yẹn, Bólúwadúró, ló wà lórí òrùlé ilé kan náà báyìí, tó ń tú u. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́.

Kí ẹ lè mọ ilé tí mò ń sọ: nígbà ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n kọ́ ọ. Bíríkì pupa ni ògiri rẹ̀, ó nípọn débi pé ẹni tó bá jókòó sójú fèrèsé lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Òrùlé rẹ̀ kò jọ ti ilé ẹlòmíràn. Ó rí bí eyín ayùn, eyín kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀gbẹ́ kan eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ páànù, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ gíláàsì tó kọjú sí àríwá, kí oòrùn má baà ta sójú ẹni tó ń wo òwú. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tutù, bákan náà ló ń rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kòtò omi gba abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, nítorí pé bí ọyẹ́ bá dé tí afẹ́fẹ́ gbẹ, òwú á máa já. Nínú ilé yẹn nìkan ni ètè wa kì í ti í là nígbà ọyẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, agbaṣẹ́ṣe kan wá sí ìlú. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ààfin, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé wọ́n fẹ́ tún Ulé Òwú ṣe kí ó di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ á ti máa kọ́ṣẹ́. Àlùfáà gbàdúrà sí i, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àwa obìnrin lọ ro koríko ibẹ̀, a gbá àyíká rẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, títún ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Títú ni wọ́n ń tú u. Àmín tí a ṣe sí títún ni wọ́n ń fi tú u.

Wọ́n ti yọ gíláàsì tán. Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ tó ṣẹ́kù. Ó wá kan irin òrùlé, èyí tí ọkọ̀ ńlá ń wá kó lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń gé àwọn ọ̀pá irin tó so eyín kan mọ́ èkejì. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà, n ò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ: eyín tó wà lápá géètì ti fara ti èyí tó tẹ̀lé e bí ọ̀mùtí. Ògiri abẹ́ rẹ̀ ti là láti òkè dé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Gbọ́láhàn, ọmọ aládùúgbò wa, jábọ́ láti òkè náà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ó wà ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Kò sí okùn tí wọ́n so mọ́ wọn nídìí, kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní kí ọmọ tèmi lọ dúró síbi tí Gbọ́láhàn dúró sí. Ó sì lọ.

Mo tọ agbaṣẹ́ṣe náà lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, ìyá, tí ẹ bá fẹ́ràn ilé àlòkù tó báyìí, ẹ kẹ́rù yín wá kí ẹ máa gbé inú ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo bí i. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Màmá, uṣẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ n ṣe é." Ó ti tó bí ọdún mẹ́jọ tó ti jáde yunifásítì, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀, Ìmísíolúwa, tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, sọ fún mi lórí fóònù pé kí n fi Bọ̀dá òun lọ́rùn sílẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọdé. Òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ǹ bá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo ti dé ọ́fíìsì méjì kí n tó kọ̀wé yìí. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ní ọ̀kan. Ní èkejì, wọ́n ní kí n máa gbàdúrà. Mo ti ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dá irin gígé yẹn dúró, kí ẹ sì rán ẹni tó mọ̀ nípa ilé wá, kí ó wo òrùlé náà kí ẹnikẹ́ni tó tún gùn ún. Mo fẹ́ kí Ulé Òwú wà, n ò ní purọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi owó ara mi ra bàtà, n kò sì tíì rí irú òrùlé yẹn níbòmíràn ní gbogbo agbègbè wa. Ṣùgbọ́n bí ilé náà kò bá ṣeé gbà là mọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá dá iṣẹ́ náà dúró, Bólúwadúró yóò padà wá jókòó sí pálọ̀, yóò sì béèrè ẹni tó kọ̀wé. Ẹ má fi orúkọ mi pamọ́ fún un. Ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ tó ń bínú síni nínú ilé, èèyàn á ṣì máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ opó.

Èmi ni tiyín, tí mo ń wojú yín,

Bọ́lánlé Ẹlúyẹmí (Ìyáàfin),
Òṣìṣẹ́ Ulé Òwú nígbà kan rí.