Àwọn Kòkòrò Tó Ń Fọ Omi Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ ọmọ mi tí mi ò tíì fojú rí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín. Àlàáfíà la wà níbí. Orúnkún bàbá rẹ ló kàn ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn ò dùn wọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ òórùn etíkun ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò gbàgbé bí ìyàwó rẹ ṣe fi ìborùn bo imú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o sì ní ẹ ò ní gbé ọmọ wá síbi tó ń rùn báyìí. Mi ò bínú, gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò ló ń ṣàn lọ sínú òkun nígbà náà. Àmọ́ wọ́n ti ri páìpù dé ojúlé kọ̀ọ̀kan báyìí, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ kan sẹ́yìn ilé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí kó tó dé òkun.

Mo lọ wò ó. Mo wá ọṣẹ títí, mi ò rí. Ọ̀gá ibẹ̀, géńdé kan tó máa ń wọ bàtà òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ní kì í ṣe ọṣẹ, pé àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú adágún omi tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí wọ́n lè mí. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń sinmi, ó ní wọn kì í sinmi. Mo bi í pé kí ni wọ́n tún ń jẹ, ó ní ìyẹn náà ni. Ọmọ mi, àánú wọn ṣe mí.

Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn. Mò ń da ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù sínú páìpù, mo sì ń da òróró tí mo fi dín ẹja tẹ̀ lé e, kó lè rọrùn fún wọn láti gbé mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi padà sẹ́yìn, ó tú jáde lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ ìtòsí wa, òórùn sì dé padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá irin yọ ọ̀rá tó dì sínú páìpù. Ó ní ta ló dán irú èyí wò, mo ní èmi ni, mo sì ṣàlàyé. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò náà yó, kí n má ṣe wàhálà mọ́. Mo ní kó bá mi kí wọn. Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí jù, torí mo rò pé ọwọ́ ara mi ni mo fi lé yín dànù.

Òórùn náà ti lọ báyìí. Àràárọ̀ ni bàbá rẹ ń fi orúnkún wọn yẹn rìn dé etí omi, wọn á fa imú, wọn á padà wá sọ fún mi pé kò rùn, pé ẹ lè máa bọ̀.

Jọ̀wọ́, mo nílò owó díẹ̀ tí màá fi ra asẹ́ tí màá dé sí ẹnu páìpù, àti ẹní tuntun fún yàrá yín. Má fi í sínú fóònù o, fóònù mi ní òun ti kún, àwòrán ọmọ rẹ ló gba gbogbo àyè, mi ò mọ ibi tí owó máa dúró sí. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ rẹ. Kò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ jìnnà sí ọ.

Tó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe òórùn ló dá yín dúró látijọ́ yìí, èmi nìkan ni kí o kọ ọ́ sí. Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, torí inú wọn ń dùn láràárọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.