Ìwé Tí Mo Kọ Nípa Joanna

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ọ̀nà Odigbo,
                                        Ore, Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1981.

Monílọ́lá mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé Táyé ti ń rìn, pé Kẹ́hìndé ló ń fà á láṣọ lẹ́yìn. Kí Ọlọ́run bá wa wò wọ́n. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá mi ńkọ́, ṣé ó ti fẹ̀rọ̀? Èmi náà wà, ara le, ọkàn ni kò le. Má bínú pé lẹ́tà rẹ méjì dé tí mi ò fèsì. Ojú ló ń tì mí.

O mọ̀ pé àwa márùn-ún tí à ń kọ́ saikọ́lọ́jì lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni yunifásítì kó wá síbí lóṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ní ká wá kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọmọ tí kò lè fọkàn sí nǹkan wò, àti ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú, ká lè sọ ohun tó ń ṣe kálukú. Dókítà Ilésanmí tó ń kọ́ wa kì í ṣeré. Wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ, kó kọ́kọ́ mọ ilé rẹ̀: ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ojú rẹ̀ ríran? Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó gbé búlọ́ọ̀kù onígi kéékèèké àti àwòrán síwájú rẹ̀.

Joanna ni ọmọ kẹrin tí wọ́n fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin nílé-ìwé kan nítòsí ìkóríta níbí. Tíṣà rẹ̀ ní fèrèsé ló máa ń wò. Kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ lé ní ọgọ́ta, èmi gan-an ì bá wo fèrèsé! Mo lọ sílé wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ Benin, obìnrin jẹ́jẹ́, oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ó ní ọmọ ń jẹ, ó ń sùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń dìde, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ní, "Ìyá Joanna, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe fún un lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, nǹkan ńlá ni o. Ẹ bá a múra sílẹ̀ dáadáa." Ó dúpẹ́, ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, Joanna jókòó síwájú mi, ó ń yán. Mo ní kó to búlọ́ọ̀kù, ó to méjì, ó dáwọ́ dúró. Mo pe nọ́ńbà mẹ́rin fún un kó pè é padà, ó pe ọ̀kan, ó ń wò mí ṣáá. Mo wo aago, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi sì ń dùn, Monílọ́lá! Má wulẹ̀ bá mi bò ó. Inú mi ń dùn pé ohun tí ìwé sọ gan-an ni mò ń rí. Mo kọ ọ́ pé kò lè fọkàn sí nǹkan, pé ọpọlọ rẹ̀ kò lè gba ẹ̀kọ́ kíláàsì, mo buwọ́ lù ú. Dókítà Ilésanmí yìn mí lójú àwọn yòókù. Orí mi wú.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Benson, tó ti ń wá ọmọ tí yóò yọ kúrò ní kíláàsì tẹ́lẹ̀, ka ìwé mi fún bàbá Joanna. Bàbá ní ó parí, ta ni yóò bá yunifásítì jiyàn? Wọ́n kó ẹrù ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Omifunfun, kó lọ kọ́ṣẹ́ gaàrí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ ra búrẹ́dì. Ìyá Joanna kò bínú, ńṣe ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Ó ní òun ṣe bí mo ṣe wí, òun bá a múra. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ti mú un lọ sílé àdúrà. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, omi kò kàn wọ́n lẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ṣe àìsùn mọ́ ọn, kí Ẹ̀mí lè ṣí ọmọ lórí. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ti wá bá mi tààrà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bóyá ìgbàgbọ́ àwọn ló kù díẹ̀.

Háà! Mo jókòó sórí àpótí búrẹ́dì. Ọmọ tó ti ń gbààwẹ̀, tí kò sùn, ni mo ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé! Ká ní mo bi í pé, "Ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?" gbogbo rẹ̀ ì bá ti hàn. Ṣùgbọ́n mo ti béèrè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo rò pé ó tó. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ń wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn mí.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà Ilésanmí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní mi ò ní gbàwé-ẹ̀rí lọ́dún yìí, mà á tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ráhùn. Wọ́n fagi lé ìwé mi, wọ́n sì kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Benson pé kó gba ọmọ padà. Ó gbà. Wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi lọ tún un yẹ̀ wò.

Àná lèmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí Omifunfun. Joanna ń bó pákí. Ó ti jẹun, ó ti sùn, ojú rẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì béèrè àwọn akẹgbẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, Olúgbémiga, Evelyn, Ìbídàpọ̀, Abraham, láìfi ẹnì kan sílẹ̀. Ìgbà kan péré, lọ́jọ́ tí mo lọ sílé wọn, ló gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi. Mo da búlọ́ọ̀kù sórí ẹní. Kò fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó nuwọ́ lára aṣọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mi ò lè mọ̀wé. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́." Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí pákí.

Mo sunkún níwájú ọmọdé, Monílọ́lá. Àwọn àgbà gbà mí gbọ́, mo lè bẹ̀ wọ́n. Òun náà gbà mí gbọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ìyẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Sọ fún Màmá pé mi ò ní lè wálé fún Àjíǹde, irọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o fi tì í lẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mà á máa lọ sí Omifunfun lọ bá a bó pákí, láìmú búlọ́ọ̀kù, láìmú aago, títí di ọjọ́ tí Joanna máa wò mí lójú, tó máa sọ fún mi pé irọ́ ni mo kọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Olúrónkẹ́.