Ọjọ́ Tí Mo Ta Sóma

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹrin
Gbogbo ewéko tó wà nínú ìwé atúmọ̀ tí mò ń kọ ti ní àlàyé, àfi ẹyọ kan: sóma. Ọ̀rọ̀ kan, ẹrù púpọ̀. Nínú Véda, ìwé mímọ́ wa àtijọ́, òrìṣà ni. Ewéko tí wọ́n ń fún oje rẹ̀ mu ni. Oje náà fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi ń pe òṣùpá. Àwọn oníṣègùn gba orúkọ náà, wọ́n so ó mọ́ ewéko mìíràn: somaraji, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ wo ara tó ń bó funfun, somavalka, igi ẹlẹ́gùn-ún tí èèpo rẹ̀ funfun. Èyí tí àwọn àlùfáà wa níhìn-ín ń fún, ìtàkùn aláìléwé ni, oje rẹ̀ dà bíi wàrà. Bóyá òun gan-an ni ti àtijọ́, bóyá arọ́pò ni. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fún un rí. N kì í sì í kọ ohun tí mi ò fojú rí.

Òṣùpá wá lọ́sàn-án. (Itti Ravi ni. Láti ilé ìwé ni mo ti fi ojú rẹ̀ roboto sọ ọ́ lórúkọ.) Ó ní, “Sàámì, ilé wa fẹ́ rúbọ sóma. Èmi ni olórí àlùfáà. Bá mi wá ìtàkùn náà lórí òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí a fi ń lọ̀ ọ́ gan-an lo máa jókòó.”

Ọdún mélòó ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́!

Ọjọ́bọ̀, 5
Orí òkè. Ẹ̀gún, oòrùn, àpáta. Mo rí i. Orúnkún ń dùn mí — ayọ̀ mi pọ̀ ju ìrora lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Alamelu ìyàwó mi fọ aṣọ funfun tí n ó wọ̀ wọ ọgbà ìrúbọ. Ó ní, “Ẹ̀yin àti ìtàkùn yín! Ó kù díẹ̀ kí ẹ tẹ́ ẹní fún un kí èmi lọ sùn sí ilé ìdáná.” Lẹ́yìn náà: “Ṣé ọ̀rẹ́ yín ò ní yẹ àdéhùn ṣá?” Mo ní Òṣùpá kì í yẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, 11
Òṣùpá tún dé. Ibà mú ẹni tó yẹ kó ṣe olùtajà sóma nínú ètò ìrúbọ náà. “Bá wa ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì. Eré lásán ni, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.” Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́: wọ́n á ná an, wọ́n á fún olùtajà ní màlúù, wọ́n á já màlúù gbà padà, wọ́n á fi igi lé e jáde. Mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
“Ṣé títà ni sóma rẹ?” “Títà ni.” “Èyí tó gbẹ bí okùn yìí?” “Màlúù tiyín ńkọ́, ṣé ó lè dìde?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní màlúù, wọ́n já a gbà padà, wọ́n lé mi. Mo ń sá, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, mo padà. Òṣùpá dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Sàámì, ẹni tó ta sóma kò gbọdọ̀ bá àwọn tó ń mu ún jókòó. Ìwọ lo kà á fún mi nínú ìwé òfin.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kà á, mo tún ṣàlàyé rẹ̀ kó lè yé e dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Mo bá Baba Akkittan, àgbà ilé Òṣùpá, níbi tó ti ń jẹ ewé bẹ́tẹ́lì bí ẹní ń jẹ obì. Mo bi í léèrè òfin náà. Ẹ̀rín pa á. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo rúbọ tèmi, ẹni tó tà á wẹ̀ nínú adágún, ó sì wọlé padà. Òfin inú ìwé yín nìyẹn, kì í ṣe ti ilé wa.”

“Ta ló wá wà ní ìjókòó mi?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ìlú Púné. Òun ló máa gba ọmọ Itti Ravi síṣẹ́. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ láti oṣù tó kọjá.”

Oṣù tó kọjá. Kó tó rán mi lọ sórí òkè.

Nígbà tí mo ń lọ, ẹni tí wọ́n ní ibà mú ń bu ìrẹsì fún àwọn àlejò. Ara rẹ̀ le koko.

Ọjọ́ Ajé, 16
Lónìí ni wọ́n fún oje sóma. Mo gbọ́ ìró òkúta láti ojú títì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Òṣùpá wá. Ìrúbọ ti parí, wọ́n ti dáná sun àtíbàbà rẹ̀ bí àṣà, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀. “Bú mi, Sàámì. Nítorí ọmọ mi ni.” Mi ò bú u. Ó wá ní ọwọ́ òun gan-an lòun fi fún oje náà: “Àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, bó ṣe rí lẹ́nu — bi mí ní ohunkóhun, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.”

Ọlọ́run mọ bó ṣe wù mí tó. Gbogbo ohun tí mo ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ń mu kọfí mi. Ó la ẹnu: “Àwọ̀ rẹ̀ —”

Mo ní, “Mu kọfí rẹ, ó ti ń tutù.”

Lẹ́yìn tó lọ, mo parí àlàyé sóma. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Bí wọ́n ṣe ń fún oje rẹ̀: a kò rí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́.”