Ìyẹ̀fun Tí Mo Gbàgbé Sábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Aláràbarà,

Mo kí ọ o. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí òórùn ọ̀dà má máa yọ ọ́ lẹ́nu, kí àbúrò ìyá rẹ tí o lọ bá sì máa tọ́jú rẹ bó ṣe yẹ. Àwa náà wà ní àlàáfíà níbí, bí a bá yọ ti ọrùn mi kúrò. Oṣù méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo, ọrùn náà kò sì gbà mọ́. Ìgbà kẹta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìyá rẹ ní kí n má ṣe ya èyí náà, pé ìwé ti fẹ́ tán nílé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ìyá Tíṣà ni. O mọ bí ìyá náà ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn, débi pé wọn a máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ han àlejò. O mọ bí o ṣe kun ìdérí orí ẹ́ńjìnì náà ní pupa, tó ń dán tí mo fi ń rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. O sì mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dà náà bó ní ojú kan tí kò ju èékánná lọ. O tún un kùn, ó tún bó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo la ẹnu mi níwájú Ìyá Tíṣà, mo ní, "Ọ̀dà tó bá dáa kì í bó bí awọ ejò. Ìkánjú ló wà lọ́wọ́ ẹ." O fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ, o gbé e kọ́, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta o ti wọkọ̀ lọ.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí o lọ, mo ní mo máa fi han ẹ̀yin ọmọ bí àgbà ṣe ń kun nǹkan. Má rẹ́rìn-ín. Mo fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìyá rẹ ní ó dà bí ẹni pé ṣíbí ni mo fi kùn ún. Ṣùgbọ́n ó gbẹ, ìyẹn dá mi lójú. Ìyá Tíṣà wa ọkọ̀ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ti bó, ní ojú kan náà gan-an. Mo dúró, mò ń wò ó. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ni kò dára, ọwọ́ ta tún nìyí?

Mo wá fura pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń kan orí ẹ́ńjìnì. O rántí bí a ṣe ń dán an wò: a ó fi omi po ìyẹ̀fun di ìṣù, a ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnì, a ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, a ó tún ṣí i, a ó wo bí ìyẹ̀fun náà ṣe nípọn tó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni àyè tó wà láàárín wọn. Mo ṣe é. Ó nípọn tó ìka mi. Mo tún un ṣe, ìka kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣe é, ìyá rẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń bu ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Aláràbarà, ṣé ọkọ̀ náà ti ń jẹun ni?"

Kí n má parọ́ fún ọ, ọgbọ́n mi pin. Nǹkan méjì tí kò kan ara wọn, báwo ni wọ́n ṣe ń ha ara wọn? Mo gbé àwọn rọ́bà kéékèèké tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń sinmi lé sókè, títí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi yanu díẹ̀. Mo lẹ aṣọ tó nípọn mọ́ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, aṣọ náà ti lu, ní ojú kan náà. Mo tilẹ̀ bi Ìyá Tíṣà bóyá wọ́n máa ń gbé nǹkan lé ibẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dígí ojú wọn bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo tọrọ gáfárà.

Ohun tó tú àṣírí náà, ìgbàgbé ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tún gbé ìyẹ̀fun sórí ẹ́ńjìnì, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, oníbàárà kan sì pè mí. Kí n tó padà, Ìyá Tíṣà ti wa ọkọ̀ wọn lọ. Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Mẹkáníìkì, ta ló ń yan búrẹ́dì nínú ọkọ̀ mi?" Mo ṣí i. Ooru ẹ́ńjìnì ti yan ìyẹ̀fun náà, ó le koko. Etí rẹ̀ ṣì nípọn tó ìka mi, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti tẹ́ bíi pépà. Ọ̀dà pupa lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, àmì irin bọ́nẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí táyà, mo gbé e dání.

Tí ọkọ̀ bá dúró, àyè wà. Tó bá ń rìn, àyè kò sí. Mo ní kí Ìyá Tíṣà ṣáná sí ọkọ̀, kí wọ́n tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀, kí wọ́n ki í sí jíà, kí wọ́n sì fún un níná díẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnì náà gbéra sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójijì. Rọ́bà síìtìn tí ẹ́ńjìnì jókòó lé lápá ọ̀tún ti já. Gbogbo ìgbà tí mò ń po ìyẹ̀fun, ẹ́ńjìnì tó ń sùn ni mò ń dán wò.

O mọ rọ́bà náà, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí a tún ẹ́ńjìnì náà ṣe, tí a dá a padà sínú ọkọ̀, o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, o ní, "Bàbá, rọ́bà yìí ti ń sán. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀." Èmi ni mo ní, "Kun ọ̀dà ẹ, fi irin sílẹ̀ fún mi." Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, èmi gé èyí tí kò ṣẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ojú tì mí gidi gan-an.

Nítorí pé níwájú Ìyá Tíṣà ni mo ti bú ọ, níwájú wọn náà ni mo ti jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi mi ni. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun alára?" Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá ìwé àti bírò.

Mo ti pààrọ̀ síìtìn méjèèjì. Mo rọ àwọn rọ́bà kéékèèké náà sílẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì pa dé geere. Mo tún gbé ìyẹ̀fun lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ wà á gun òkè, mo wà á sọ̀. Ìka kan gbáko ló kù. Nǹkan kan kò kan nǹkan kan mọ́.

Ohun tó kù tó ń rú mi lójú ni bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí iṣẹ́ bá dára fún ọ níbẹ̀, n kò ní kí o fi í sílẹ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ kàn ọ́ mọ́, títí kan èmi.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Mẹkáníìkì Oníyẹ̀fun (ìyá rẹ ló sọ mí bẹ́ẹ̀).

Àfikún: Mo fi ìyẹ̀fun náà sínú àpòòwé yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Pupa tó wà lára rẹ̀, tèmi ni, mo sì ti ha ìyókù tèmi kúrò lórí ẹ́ńjìnì. Tìrẹ tó yí i ká kò bó níbì kankan. Ìyá Tíṣà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kun ojú kékeré tó ṣófo yẹn àfi ìwọ. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ ṣì wà níbi tí o gbé e kọ́ sí.