Òdo Tí Ẹ̀rọ Rẹ Fún Mi

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní yunifásítì tí o ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà. Ara bàbá rẹ le. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń há, káfíńtà ti tún un ṣe, ó sì tún ń há. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o ṣe, tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ̀wé. O ní kí n dán an wò lórí fóònù, pé tí èmi bá gbà pé ó dára, ẹ ó gbé e fún irinwó akẹ́kọ̀ọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ gidi, mo jókòó. Ẹ̀rọ náà ní kí n kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò fi ro mẹ́ta mọ́ mẹ́rin. Mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí o ṣe fi hàn mí, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ rẹ ní kò tọ̀nà, òdo. Mo rò pé ìkíni náà ló kéré, mo bá béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Òdo. Mo tún un ṣe títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, òdo náà ni.

Káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe ní kí n yọ ìkíni kúrò, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Mo ní n kò yọ ọ́. Ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ yẹn, èmi ni mo sì kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ kí o má dáhùn ìkíni.

Ìyẹn kọ́ ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Èmi àgbà wo ẹ̀yìn, n kò rí ohun tó gbé mi ṣubú, nítorí ẹ̀rọ rẹ kò sọ fún mi. Bí ọmọṣẹ́ mi bá rán apá aṣọ sódì, mo máa ń tú u dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣìnà, màá fi ìka síbẹ̀, màá dá a padà fún un. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí o ní kí n tẹ "mo gbà" sí, n kò gbà. Àní n kò gbà.

O rántí òdo tí olùkọ́ fún ọ ní kíláàsì kìíní? O fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ àkísà mi, o ní o kò lọ sílé ìwé mọ́. Mo fà ọ́ lọ́wọ́ padà, mo ní kí olùkọ́ náà fi ibi tí o ti ṣìṣe hàn ọ́, a kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi fi hàn ọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bá ẹ̀rọ náà lójúkojú. Bí o kò fi ránṣẹ́, màá ṣì wá. Ọlọ́run yóò fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́. Ṣùgbọ́n irinwó ọmọ yẹn, bí wọ́n bá lọ fi ìwé tiwọn náà pamọ́, ìyá ta ni yóò fà wọ́n lọ́wọ́ padà? Mo ti ń di ẹrù mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
aránṣọ tó gba òdo mẹ́rin.